Abọ́ Kan, Ẹnu Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta

Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ilẹ̀kùn Ọ̀gá Rúlà, ọ̀gá ilé ìwé wa, láàárọ̀ yìí. Àwọn tíṣà dúró síwájú rẹ̀. Mo nu ọwọ́ mi lára aṣọ ìdáná, mo lọ kà á fúnra mi. Mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n ka ìwé fún mi tí ojú mi bá ṣì ń ríran.

Ó ní ilé ìwé ìjọba yòówù tí ọmọ rẹ̀ kò bá pé igba, wọ́n máa pa á pọ̀ mọ́ èyí tó sún mọ́ ọn jù lọ ní sáà tó ń bọ̀. Wọ́n to orúkọ ilé ìwé sísàlẹ̀. Tiwa ni kẹsàn-án: ọmọ 148. Ẹni tó bá ní àròyé kó wá sọ ọ́ kí oṣù yìí tó parí.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. 148? Ta ló wá ń jẹ ẹ̀wà tí mò ń sè fún ilé ìwé yìí?

Ìgbà tí mo rántí ibi tó sún mọ́ wa jù lọ ni ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Òdìkejì títì márosẹ̀ ni. Ọkọ̀ àjàgbé gbá ọmọ méjì níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Àbíkẹ́yìn mi sì nìyí, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí kò tíì lè sọdá ọ̀nà iwájú ilé wa láìdi ìró mi mú.

Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ yìí nígbà tí mò ń lọ sílé. Ohun tí mi ò bá kọ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè wá sọ fún mi pé kò ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Òjò. Igi tutù, ìdì mẹ́ta ni mo jó kí kòkò tó hó, méjì ló sì yẹ kó jẹ́. Igi ti gbówó lórí lẹ́ẹ̀mejì látìgbà tí sáà yìí ti wọlé.

Mo ka abọ́ mi. 150 ló pé, méjì ti ya létí. Agogo méjìlá ni àwọn ọmọ àárọ̀ ń jẹ kí wọ́n tó máa lọ sílé. Mo ń fọ abọ́ kíákíá, nígbà tó bá di agogo kan àwọn ọmọ ọ̀sán á jẹun nínú abọ́ kan náà kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Abọ́ kan, ẹnu méjì. Bó ṣe wà nìyẹn láti ọdún mẹ́fà tí ìjì ti ká òrùlé yàrá mẹ́ta lọ, tí ó ku mẹ́ta.

Ta ló wá ka ẹnu kan ṣoṣo?

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ti mọ ẹni tó kà á.

Àwọn ọmọ ló sọ ọ̀gá ilé ìwé wa ní Rúlà, nítorí pé kì í fa ìlà kankan láìfi rúlà fà á, títí dé abẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Rúlà onígi kan ni, kì í yá ẹnikẹ́ni. Mo wọlé bá a lẹ́yìn tí mo fọ abọ́ tán.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ̀wà ta ni mò ń sè?"

"Màmá, ohun tí wọ́n béèrè ni mo kọ. Ẹ wò ó."

Ó yọ ẹ̀dà fọ́ọ̀mù jáde. Ó mọ́ tónítóní bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. *Yàrá kìíní: iye ọmọ tó ń jókòó níbẹ̀.* Ó kọ 50. Yàrá kejì, 49. Yàrá kẹta, 49.

"Àwọn ọmọ ọ̀sán ńkọ́?"

"Àga kan náà ni wọ́n ń jókòó lé. Àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n sì fà fún yàrá kan. Ṣé kí n ki iye méjì bọ inú àpótí kan ni? Ìyẹn á rí jágajàga."

Mo wo ọkùnrin yìí. Kò jalè, kò purọ́, kì í pẹ́ dé. Ìmọ́tótó ló fi pa ọmọ ọ̀sán 117 rẹ́ kúrò nínú ìwé fún ọdún mẹ́fà gbáko.

"Ọ̀gá, tí obìnrin bá bí ìbejì, tí wọ́n sùn sórí ibùsùn kan, ṣé ọmọ kan la ó kọ?"

Ó ń fi àtàǹpàkò nu etí rúlà rẹ̀. Ó wá ní: "Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì. Tí mo bá lọ sọ pé mo ṣe àṣìṣe, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa."

"Tí ẹ ò bá lọ, ẹ ó fẹ̀yìn tì sínú ilé, títì ni àwọn ọmọ ó fẹ̀yìn lé."

Ó dùn ún. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò kó o jẹ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá wọn nígbà tó ń pọ́n ayùn. Kápẹ́ńtà ni, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kì í sú u.

"Ṣé pé tábìlì ló wọ̀n, kò wọn èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa tí kì í ṣe òun ló ń kan pósí."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá, tí Ọ̀gá ò bá lọ, ìwọ lọ. Ṣebí ìwọ lò ń bọ́ wọn."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀gá wá bá mi nídìí iná fúnra rẹ̀. Èéfín ń ta á lójú. "Màmá, ẹ wọ bàtà gidi lọ́jọ́ Ajé. A jọ ń lọ sí ọ́fíìsì ni."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Áà! Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí lónìí!

Ọkọ̀ méjì la wọ̀ kí a tó dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ọ̀gá fẹ́ san owó ọkọ̀ mi, mi ò gbà. Tó bá san án, ó lè rò pé òun nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Àkàbà mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ìwé tó ga ju orí mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ní ká lọ bá akọ̀wé kan, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pinnu ibi tó fẹ́ hù sí. Ó kí wa dáadáa. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa.

Gbogbo ilé ìwé ìjọba tó wà ní ìpínlẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn! Ilé ìwé kan, ìlà kan. Ọmọ mélòó, tíṣà mélòó, tíṣà mélòó ló ní ìwé ẹ̀rí, àga, kànga, ilé ìyàgbẹ́. Ibi tó bá dáa ní àwọ̀ ewé, ibi tí kò bá dáa pupa. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gun orí òkè tó ń wo òrùlé ìlú. Mo fẹ́ kí ó ṣí gbogbo rẹ̀ fún mi.

"Ẹ wo tiyín, mà. Ọmọ, 148. Ó pupa. Tíṣà, mẹ́rin, gbogbo wọn ló ní ìwé ẹ̀rí. Òfin ni pé kí tíṣà kan má kọ́ ju ogójì ọmọ lọ, tiyín ò sì tó ogójì. Ibẹ̀ dáa."

"Ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́?"

"Méjì."

"Òótọ́ ni. Ọ̀kan ò ní ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ̀rọ yìí mọ̀?"

"Kò béèrè ilẹ̀kùn, mà."

"Ẹ gbọ́? Ohun tí kò bá béèrè, kò mọ̀. Kò béèrè ọ̀sán náà."

Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Rúlà ti dìde. Ó ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Ọmọ 265 ni wa. Àárọ̀ nìkan ni mo kọ. Àṣìṣe tèmi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíì."

Akọ̀wé wò ó. Mo ti múra láti so ìró mi le fún ìjà. Ó ní, "Ẹ jókòó, sà. Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, àwọn tó ń bù kún iye ọmọ ni mo máa ń rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá sọ fún mi pé ẹ bù ú kù."

Ọ̀gá jókòó. Mo rí i pé ó fẹ́ sunkún, mo yíjú síta.

Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní òun kò lè fọwọ́ ara òun tún un ṣe. Alábẹ̀wò gbọ́dọ̀ wá kà wọ́n. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ló máa kọ, kì í ṣe ohun tí rẹ́jísítà bá wí. Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún, láti agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá.

"Kó wá ní agogo méjìlá, ìgbà yẹn ni àárọ̀ àti ọ̀sán ń pàdé."

"Kò ṣeé ṣe, mà. Ilé ìwé mẹ́ta ló ní lọ́jọ́ náà."

Ó tún ní aṣojú òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá kò wò yíká. Ó nawọ́ sí mi. Èmi, tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní ìwé mẹ́fà! Mo kọ orúkọ mi gbọọrọ, mi ò gé e kúrú rárá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Tíṣà Ọ̀sán mú rẹ́jísítà aláwọ̀ búlúù rẹ̀ wá sí ìdí iná. Ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, òun nìkan ló ń kọ́ ọmọ 117, Ọ̀gá ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti ha bíi ti ọkùnrin.

"Màmá, tí wọ́n bá kó gbogbo wọn dé lẹ́ẹ̀kan náà, níbo la ó kó wọn sí?"

"Inú kòkò mi."

"Ẹ̀yin náà!"

Mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀wà ni yóò kó wọn jọ. Ìdí tí àwọn ọmọ ọ̀sán fi jẹ́ ọmọ ọ̀sán ni pé wọ́n ń tọ́jú àbúrò wọn nílé láàárọ̀ kí ìyá wọn tó dé. Ìyá tó bá mọ̀ pé ọmọ òun máa jẹun ní agogo mẹ́wàá, á wá ẹni tó máa gbé kékeré fún un. Ìdì igi mẹ́fà, kòkò méjì. Abọ́ ni kò tó. Nítorí náà, ọmọ ọ̀sán kọ̀ọ̀kan á gbé abọ́ tirẹ̀ wá látilé.

Tíṣà Ọ̀sán kọ ọ́ sí pátákó lọ́sàn-án: *Ọjọ́rú. Àárọ̀. Abọ́.*

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ẹsẹ̀ mi wú. Ilé mọ́kànlélógójì ni mo ti yà láti àná, kí n lè sọ fún àwọn ìyá. Àwọn kan ní owó orí ni wọ́n fẹ́ fi kíkà náà gbà. Obìnrin tó ń ṣe fótókọ́pì nígun ọ̀nà jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń pariwo:

"Ẹ wò ó, alásè ti di alábẹ̀wò! Màmá, ẹ wá bẹ èmi náà wò!"

"Mo ti bẹ̀ ọ́ wò. Ọmọ rẹ méjì ni, ọ̀kan àárọ̀, ọ̀kan ọ̀sán. Èyí ọ̀sán kì í jẹ àlùbọ́sà, ó máa ń ṣà á sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀."

Ẹnu yà á. Ó bá mi ṣe ẹ̀dà ọgọ́ta fún ìwé tí mo fi ń pe àwọn òbí, kò gba kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bàbá kan wá sílé. Ó ní òun ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mẹ́jọ ní abúlé, òun lè kó wọn wá lọ́jọ́ náà kí iye lè pọ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, àwa pé."

"Màmá, ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Mo mọ ẹni tí kì í jẹ àlùbọ́sà nínú ọmọ 265."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Oòrùn gbẹ igi mi. Inú mi ń dùn bí ọmọdé tó ń retí aṣọ tuntun.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó gbàgbé ìkankan.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí àkùkọ tó kọ. Kì í ṣe òjò ṣéréṣéré, èyí tó ń fi ìbínú rọ̀ ni. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án lù, Alábẹ̀wò sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bàtà òjò títí dé orúnkún, gíláàsì lójú. Mo ní kí ó mu tíì gbígbóná.

"Ẹ ṣé, mà. Òfin ò gbà á."

Ó wọ yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. 143. Márùn-ún kò wá. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí àwọn ọmọ ọ̀sán tó ti dé jókòó sí. 36. Ó pa pọ̀: 179.

Ó ku mọ́kànlélógún. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ti kún, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà wá. Mo ti rán Bàbá wọn lọ síbẹ̀ láti agogo méje pẹ̀lú pákó méjì tó tóbi jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Alábẹ̀wò lọ ń wo bí àwọn tíṣà ṣe ń kọ́ni. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tíṣà Ọ̀sán kò ní pátákó, kò ní àga. Ó ti to abọ́ àwọn ọmọ sábẹ́ ibi tí òjò ti ń ṣàn láti orí òrùlé. "Abọ́ mélòó ló máa kún garawa kan? Ẹ kọ́kọ́ sọ tẹnu yín, lẹ́yìn náà ká jọ wò ó." Wọ́n ń pariwo iye. Wọ́n ń dà á, wọ́n ń kà. Ọmọ kan sọ pé mẹ́tàlá, mẹ́tàlá náà ló sì jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Alábẹ̀wò dúró síbẹ̀ títí omi fi wọ bàtà rẹ̀. Ó kọ̀wé, ó kọ̀wé, ó yí ojú ìwé.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó dé bírò rẹ̀.

"Màmá, 179 ni ojú mi rí."

"Ẹ ní sùúrù, mà. Ẹ̀wà ò tíì jinná."

"Mi ò ní í jẹ ẹ̀wà."

"Ẹ̀yin kọ́. Àwọn tó ni ín ń bọ̀."

Ó wo agogo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Rúlà dúró bí òpó. Mo ro kòkò, ẹ̀wà tó ti jinná láti àárọ̀! Mo kàn ń rò ó ni.

Ìgbà náà la gbọ́ ọ. Gbogbo wa yíjú. Ó dà bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí òrùlé páànù, ṣùgbọ́n òrùlé náà ń rìn, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Bàbá wọn ló ṣíwájú, ẹrẹ̀ dé itan rẹ̀, Àbíkẹ́yìn mi lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ ọ̀sán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà bí wọ́n ṣe sọdá pákó, olúkúlùkù dé abọ́ rẹ̀ sórí! Abọ́ irin, abọ́ rọ́bà, abọ́ aláwọ̀ ewé, ìdérí ìkòkò. Òjò ń lu wọ́n gbàgbàgbà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ rẹ̀.

Alábẹ̀wò kò dúró de agboòrùn. Ó bọ́ sínú òjò, ó na bírò rẹ̀. "Ọgọ́sàn-án. Ọ̀kànlélọ́gọ́sàn-án..." Abọ́ kan, orí kan. Èmi náà ń kà tẹnutẹnu. Nígbà tó ku ẹyọ kan kó pé igba, ọmọbìnrin kékeré kan yọ, asẹ́ ni ìyá rẹ̀ fún un gbé wá dípò abọ́, omi ń gba ojú asẹ́ náà dà sí i ní imú.

"Igba!"

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò. Ṣíbí ìro-ẹ̀wà fò pẹ̀lú mi. Ọmọ alásẹ́ náà wò mí, ó bẹ̀rù, ó ní: "Màmá, ẹ má bínú, a ò ní abọ́ mìíràn nílé."

Mo gbé e, tòun ti ẹrẹ̀ rẹ̀.

Kò tíì tán. 251 ló parí sí. Ọ̀gá fẹ́ fi rẹ́jísítà hàn án pé 265 ló yẹ kó jẹ́, Alábẹ̀wò gbọn orí. "Ojú mi rí 251. 251 ni màá kọ." Kò burú. Mo fọwọ́ sí i. Omi ti pa orúkọ mi lára díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Lẹ́yìn náà ló wá pín in. Ó yíjú sí Ọ̀gá, ó ní, "Tíṣà mẹ́rin fún ọmọ 251. Ẹ ti jáde kúrò nínú àwọ̀ ewé o. Ó pupa gidi."

Ojú Ọ̀gá rọ. Èmi ló bi í: "Mà, tí ó bá pupa, tíṣà mélòó ló kù kó tó padà di àwọ̀ ewé?"

Ó ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. "Tíṣà méje ló yẹ yín. Ó ku mẹ́ta."

"Ta ló yẹ kó fún wa ní mẹ́ta náà?"

Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín. "Àwa ni, Màmá."

Tíṣà Ọ̀sán jókòó sílẹ̀ gbà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tútù, ó fi abọ́ bo ojú.

Wọ́n jẹun lẹ́ẹ̀kan náà, àárọ̀ àti ọ̀sán, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Ọmọ alásẹ́ jẹ tirẹ̀ nínú abọ́ mi tó ya létí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ikọ́ ń ṣe ìdajì ilé ìwé. Ìdì igi méje ni mo jó lánàá dípò mẹ́fà. Mi ò kábàámọ̀ ìkankan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n lẹ ìwé tuntun. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. A kò sí nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé inú èèyàn lè dùn báyìí pé òun kò rí orúkọ òun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Fọ́ọ̀mù ọdún yìí dé, àwọn tíṣà tuntun méjì sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ń bọ̀, akọ̀wé ní kí n má ṣe wá bá òun kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Mo máa ní sùúrù títí di ọjọ́ kejì oṣù náà.

Ọ̀gá pè mí wọlé. Fọ́ọ̀mù náà kò yàtọ̀: yàrá kan, àpótí kan. Ó gbé rúlà rẹ̀ lé àárín àpótí kìíní, ó fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ *Àárọ̀* sápá kan, *Ọ̀sán* sápá kejì. Ó ṣe ti èkejì bẹ́ẹ̀. Ó ṣe ti ẹ̀kẹta.

"Ọ̀gá, ṣé kò rí jágajàga?"

"Màmá, ìlà tó gún kì í rí jágajàga."

Ó kọ orúkọ rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó yí ìwé náà sí mi níbi tí aṣojú òbí yóò ti fọwọ́ sí i. Mo kọ tèmi gbọọrọ.

Lẹ́yìn náà, ó gbé rúlà náà lé mi lọ́wọ́.